Àṣírí Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọkọ Mi

Ọjọ́ Jímọ̀ ni akódà kóòtù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti lọ kírun. Ọmọ tó ń bá mi ta ẹja ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú bí oníbàárà márùn-ún tí wọ́n dúró ti òṣùwọ̀n. Ọkùnrin náà kò béèrè mi jẹ́jẹ́. Ohun tó wí ni pé, "Ṣé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó Àlàájì oníyanrìn nìyí, èyí tí ọkọ ń kọ̀ sílẹ̀?" Ọmọ náà ní òun kò mọ ohun tó ń sọ. Ni baba bá fa ìwé yọ, ó ń kà á sókè bí ẹni ń ṣe wàásù. Ó ka orúkọ mi, ó ka ti ọkọ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé àti ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó ti mọ́ṣáláṣí dé, alátà òdìkejì ọ̀nà ti mọ iye ilé tí a ní. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló mú mi jókòó sórí páálí ẹja láìmọ̀. Nọ́ńbà keje nínú ìwé náà ni: pílọ́ọ̀tì mẹ́rin lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo fi orúkọ àbúrò mi ọkùnrin rà, tí mo sì ti dákẹ́ lé lórí fún ọdún mọ́kànlá. Ọkọ mi mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, n kò sì ní sọ iye owó. Ẹ dákun, "ó" ni n ó máa pe Àlàájì nínú ìtàn yìí kó lè yé yín. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń lò títí dòní, àní nígbà tí a dúró níwájú adájọ́. Ó máa ń ya lọ́yà mi lẹ́nu.

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni Àlàájì, àwọn tí baba ńlá wọn bá Ọba Kòsọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi wá nígbà tí wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni èmi. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ mí nílé, bàbá mi fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé àlejò tí a fún níbùsùn ti padà wá gba ọmọ. 1993 ni wọ́n so yìgì wa. Ní 1997, ó fẹ́ kí n bá òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé sì ní ìwé ìgbéyàwó ìjọba ni wọ́n máa fẹ́ rí. A lọ sí Ìkòyí lọ́jọ́ kan, a fọwọ́ síwèé, a jẹ ìrẹsì ní búkà kan, a padà sílé. N kò tún ronú kan ìwé yẹn mọ́.

Típà kan ṣoṣo ló ní nígbà náà. Èmi ń ra ẹja odò lọ́jà Olúwo láàárọ̀, mo ń gbé e lọ sí Ìkòròdú lọ tà. Nígbà tó yá, mo bọ́ sórí ẹja inú yìnyín, mo ní yàrá mẹ́ta tí mò ń kó o sí. Òun gbé ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn sójú ọ̀sà. Nígbà tí iṣẹ́ sì gba gbogbo ìhà Lẹ́kí kan, tí Dangote ń kọ́ ilé ìfọpo rẹ̀, tí gbogbo ayé ń wá yanrìn àti ilẹ̀, owó wọlé lọ́nà tí kò yé àwa méjèèjì. Igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ará Ìkẹjà ń gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá wò ó.

Bí owó ṣe ń wọlé ni a ń fi pamọ́ fún ara wa. Ìyá mi ti kọ́ mi pé ọkọ kì í mọ gbogbo owó aya. Ìyá tirẹ̀ ti kọ́ ọ pé obìnrin kì í mọ ìdí àpò ọkọ. Ọmọ gidi ni àwa méjèèjì, a gbọ́ràn sí ìyá lẹ́nu. Mo ra ilẹ̀ lórúkọ àbúrò mi, mo ń kó wúrà pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan. Òun ra ilé sí Lọ́ńdọ̀nù láìsọ fún mi, ó bí ọmọ méjì fún obìnrin kan ní Ìkòròdú, ó sì kọ́lé fún wọn. A ṣì ń jẹun pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a jọ lọ sí Mẹ́kà.

Ọ̀rọ̀ obìnrin Ìkòròdú yẹn ló tú wa ká, ó sì ti sú mi í sọ.

Nígbà tí ìjà le, Àlàájì pe ààfáà àti àgbà méjì sí pálọ̀ wa, ó ní òun já yìgì. Mo kó lọ sí ilé mìíràn, mo jókòó oṣù mẹ́ta tí ẹ̀sìn là sílẹ̀. Mo rò pé ó tán. Òun náà rò pé ó tán. Lẹ́yìn ọdún méjì tó fẹ́ fọwọ́ síwèé pẹ̀lú obìnrin kejì ni wọ́n tó sọ fún un pé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó gbé akódà dé ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn.

Lọ́yà tí mo gbà ní Ìkẹjà, ọmọ tí mo lè bí ni. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi: "Mà, yìgì tí wọ́n já, yìgì ni. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní Ìkòyí kò gbọ́ Lárúbáwá." Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ìjọba, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Ààfáà kò lè tú u, kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú u, ẹbí kò lè tú u. Láti 1970 ni òfin tí wọ́n fi ń ṣe é ti wà. Ohun tí adájọ́ ń wá ni bóyá ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, oríṣiríṣi ọ̀nà sì ni a fi lè fi hàn án. Tiwa rọrùn: a ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì, ẹnì kejì kò sì kọ̀. Ká ní mo kọ̀ ni, ọdún mẹ́ta ni ì bá jẹ́. Bí adájọ́ bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, oṣù mẹ́ta tún ń bẹ láàárín àṣẹ àkọ́kọ́ àti àṣẹ àṣekágbá. Ẹni tó bá lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó mìíràn kí ó tó pé ti kó sí ọ̀ràn.

Mo bi í pé, "Ìdajì mi ńkọ́?" Fíìmù òyìnbó ló kọ́ gbogbo wa pé bí tọkọtaya bá túká, wọn a fi ọ̀bẹ la ohun ìní sí méjì. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Abala 72 nínú òfin yẹn fún adájọ́ lágbára láti fi ohun ìní fún ọkọ, fún aya tàbí fún ọmọ, bó bá ṣe tọ́ tó sì yẹ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó mọ èyí tó tọ́, ó fẹ́ rí ohun tí o mú wá. Ìwé dà?

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Ilé àkọ́kọ́ tí a kọ́, owó ẹja mi ló ra sìmẹ́ńtì rẹ̀. Èwo ni n ó fi hàn? Orúkọ Àlàájì ló wà lára gbogbo rìsíìtì, nítorí n kò fẹ́ kí onísìmẹ́ńtì máa fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ló ń bá a kọ́lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú àpótí. Nínú agolo Bournvita kan, lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, ni mo ti rí ìwé báńkì mẹ́sàn-án ti 2003 àti 2004, èyí tí mo fi san owó sínú àkáǹtì onísìmẹ́ńtì náà. Yíǹkì ara wọn ti fẹ́ pa rẹ́. Lọ́yà mi gbà wọ́n lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ẹyin. Ìwé mẹ́sàn-án yẹn wúlò ju gbogbo ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ pè lọ.

Ti ilé nìyẹn. Ti ilé epo àti ti yanrìn yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ojú mi ti là jù.

Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀ pé Àlàájì ló ni ilé epo. Irọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ló ni ín. Ṣíà, ìyẹn ìpín, ni Àlàájì ní nínú ilé-iṣẹ́ náà. Òfin ka ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀dá kan lọ́tọ̀: ó lè ní ilé, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́. Adájọ́ tó ń tú ìgbéyàwó kò kàn lè kó ẹrù rẹ̀ pín bí ẹran iléyá. Ṣíà tí ọkọ tàbí aya ní níbẹ̀ ni wọ́n lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Nítorí náà, kíkà tí mò ń ka ẹ̀rọ ìfapo lójú oorun, asán ni. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni iye ṣíà tó wà, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti iye tí yóò kù lẹ́yìn gbèsè.

Lọ́yà mi rán akọ̀wé rẹ̀ lọ yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò ní CAC. Ẹnikẹ́ni ló lè san owó kí ó sì wò ó. Ìwé dé: nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta jẹ́ ti Àlàájì, ọgbọ̀n jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mẹ́wàá jẹ́ tèmi. Tèmi! Wọ́n tún kọ ọ́ pé dáírẹ́kítọ̀ ni mí láti 2001. Mo wá rántí ọjọ́ kan tó gbé ìwé wá bá mi nídìí ẹja, tó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi fọwọ́ sí ibí." Mo nu ọwọ́ sára ìró, mo fọwọ́ sí i, mo padà sídìí títù.

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà ṣí ojú ewé kejì. Ilé-iṣẹ́ náà ti fi dúkìá rẹ̀ dúró fún gbèsè báńkì. Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ báńkì, wọ́n fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́: 2018, èmi náà ti fọwọ́ síwèé pé onídùúró ni mí fún owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ yanrìn. Ìkọ̀sílẹ̀ kò kan báńkì. Adájọ́ ì báà tú wa ká nígbà ọgọ́rùn-ún, bí Àlàájì kò bá san án, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ní kí ẹ bá òun fọwọ́ sí nǹkan rí nígbà tí ẹ ń rokà, ẹ dìde lọ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ti fi ìyàwó kún orúkọ rí kí ilé-iṣẹ́ lè pé, ẹ̀yin náà ẹ rántí pé òǹtẹ̀ yẹn kì í kú.

Ó wá ku nọ́ńbà keje.

Ẹni tó bá ń béèrè owó tàbí ohun ìní níwájú adájọ́, òun náà yóò ka tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbúra. Bí mo bá yọ ilẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde kúrò, mo fi Kùránì búra èké, Àlàájì sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Bí mo bá kà á mọ́ tèmi, àbúrò mi gbọ́dọ̀ gbà pé òun kọ́ ló ni ín. Mo fóònù rẹ̀. Ọmọ ìyá mi, tí mo rán níléèwé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ wo?"

Mo rò pé ó ń ṣeré. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára rìsíìtì àwọn ọmọ onílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé tí àwọn awọnlẹ̀ yà. A kò tíì gba ìfọwọ́sí gómìnà, nítorí náà kò síbi tí orúkọ mi ti yọjú rárá. Ó tilẹ̀ ti ta pílọ́ọ̀tì kan. Ẹni tó rà á fẹ́ kọ́lé, ó nílò yanrìn, ta ni yóò sì lọ bá bí kì í bá ṣe Àlàájì? Típà ọkọ mi ló lọ já yanrìn sórí ilẹ̀ tí mo fi pamọ́ fún ọkọ mi. Awakọ̀ béèrè ẹni tó ta ilẹ̀, wọ́n dárúkọ àbúrò mi, Àlàájì sì mọ̀ pé àbúrò mi kò ní owó bàtà. Báyìí ni àṣírí mi ṣe tú, ní tírípù yanrìn kan. Ó mọ̀, kò sọ, ó fi pamọ́ fún ọjọ́ tí yóò bá a wúlò.

Ìpàdé ẹbí mẹ́ta ni a ṣe. Mo gba pílọ́ọ̀tì méjì padà, mo fi ìkẹta sílẹ̀ fún un kí ìyá wa lè rí oorun sùn. A ṣì ń kí ara wa.

Ìgbà tí mo ti ń ro ara mi pín ni Kẹ́hìndé mi pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti rí lẹ́tà kan nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ kí i, ó sì há àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lára lẹ́tà náà sórí. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ìwé onílé kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ìjọba ń kó o sójú kan, ẹnikẹ́ni tó bá san pọ́n-ùn díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí orúkọ ẹni tó ni ilé, bóyá wọ́n fi ilé náà dúró fún gbèsè báńkì, àti nígbà púpọ̀, iye tí wọ́n rà á. Ọmọ mi san án níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló jáde, ọdún 2014. Ohun tí ọkọ mi fi pamọ́ fún mi fún ọdún mẹ́sàn-án, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tà á ní owó àkàrà.

Lọ́yà mi sọ ẹjọ́ kan fún mi. Tọkọtaya kan wà, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n tún ní ìwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fẹ́ra fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ gbé ẹjọ́ wá sí Èkó, kóòtù Èkó tú wọn ká, wọ́n ní kí ìyàwó máa gbé ilé kan l'Ékòó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, wọ́n sì fún un ní owó díẹ̀. Ìyàwó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, kò lè rọ́gbọ́n dá sí i. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1984 tó gba ẹni tí wọ́n ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn láyè láti béèrè owó lọ́dọ̀ tiwọn. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a láre: £275,000 nínú owó ilé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbọ́dọ̀ yọwọ́ nínú ilé Èkó. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà yìí ṣí fún o. Ilé ẹjọ́ wọn ní láti kọ́kọ́ gbà ọ́ láyè, ó sì gbọ́dọ̀ hàn pé ìwọ àti ilẹ̀ wọn jọ ní nǹkan ṣe ní tòótọ́. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí lọ́yà ibẹ̀ ń gbà ní wákàtí kan, oúnjẹ kò wù mí jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n a kò débẹ̀. Lọ́yà mi kàn kọ lẹ́tà kan, ó fi ìwé ilé náà há a nínú, ó dárúkọ òfin 1984. Lọ́yà Àlàájì pè ní ọjọ́ kejì pé ṣé kò sí bí a ṣe lè bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó, kì í ṣe nítorí mo fẹ́ràn àlàáfíà ni mo fi gbà. Ìtìjú ni. Láti ọjọ́ tí akódà ti ka ìwé ní ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn ènìyàn ti ń fi ojú mìíràn wò mí. Àwọn tó ń yá owó pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wá béèrè owó ìpìlẹ̀ lórí ilé tí a ti parí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí lóru, ó dárúkọ ilé epo, mo pa fóònù. Fún ẹni tó ní dúkìá, ẹ̀rù tó wà nínú kí gbogbo ìlú mọ ohun tó ní kọjá ti ẹlẹ́yà.

Lọ́yà ṣàlàyé ibi tí òfin ti lè bo ẹni láṣìírí. Abala 108 nínú òfin 1970 yẹn kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn gbé ẹ̀rí tí tọkọtaya jẹ́ ní kóòtù jáde. Wọ́n lè kọ orúkọ, iṣẹ́, ohun tí ẹjọ́ dá lé lórí àti ìdájọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ẹni sùn àti iye tó wà ní báńkì kì í ṣe tiwọn láti tẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, àmọ́ a lè bẹ adájọ́ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn bí ìdí pàtàkì bá wà. Ohun tí n kò sì mọ̀ rárá ni pé ẹni tí ibùgbé rẹ̀ gidi bá jẹ́ Nàìjíríà lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tí akọ̀wé rẹ̀ ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ. Àwọn lọ́yà wa méjèèjì kọ̀wé pọ̀, wọ́n sì gbé fáìlì wa kúrò nítòsí lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ Àlàájì oníyanrìn.

Ṣùgbọ́n òfin wo ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn fóònù? Èmi fúnra mi ni mo sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo bú Àlàájì, mo bú ìyá rẹ̀, mo sì sọ ibi tí wúrà mi wà. Ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pé kí ó wá gbọ́ ohun tí ojú ìyá yìí ń rí. Ohùn mi balẹ̀ sórí tábìlì lọ́yà Àlàájì. Láti ìgbà tí òfin ẹ̀rí ti 2011 ti jáde, ohun tó wá láti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà lè di ẹ̀rí ní kóòtù bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Nígbà tí lọ́yà mi tẹ ohùn náà fún mi gbọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa á ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí inú bá bí mi, inú ìwé ni mò ń kọ ọ́ sí, mo sì ń sun ún.

Ibi tí a ti parí rẹ̀ ni Lagos Multi-Door Courthouse, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, níbi tí onílàjà ti ń jókòó pẹ̀lú ènìyàn dípò adájọ́. Ohun tó mú un dára fún irú wa ni pé ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé, bí àdéhùn kò bá ṣeé ṣe, ẹnikẹ́ni kò lè gbé e lọ sí kóòtù pé "ó sọ báyìí." Ìjókòó mẹ́ta ni a ṣe. Ní àkọ́kọ́, onílàjà fi wá sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí alárinà ayé àtijọ́. Ní ìkejì, ó ní kí oníkálukú kọ gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, kékeré àti ńlá, ohun tó wà lórúkọ rẹ̀ àti ohun tó wà lórúkọ ẹlòmíràn, gbèsè pẹ̀lú. Àwọn tó ń díye ilé ti ṣiṣẹ́ tiwọn, oníṣirò owó ti gbé ti ilé-iṣẹ́ wá.

Ó pa ìwé méjèèjì pọ̀, ó ní kí a jókòó sí yàrá kan náà, ó kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, tí èmi àti Àlàájì jọ mọ ohun tí a ní. Yàrá dákẹ́. Àlàájì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, àṣé a lówó tó báyìí?" Ẹ̀rín pa mí. Ó pa òun náà. Lọ́yà mi ń wò wá bí ẹni rí wèrè méjì. Àwọn ọdún kan wà tí a kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ìbejì láàárín ara wa, tí oníkálukú ń sọ pé ọjà kò tà, tí Táíwò fi pàdánù sáà kan. Owó wà nílé nígbà yẹn. Ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wà lọ́wọ́ òsì.

Bí a ṣe pín in, n kò ní kọ ọ́. Èyí tí mo lè sọ ni ìlànà rẹ̀. A kọ́kọ́ yanjú gbèsè: Àlàájì gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ báńkì pé wọ́n ti tú mi sílẹ̀ kúrò nínú onídùúró, kí n tó fi ṣíà mẹ́wàá mi lé e lọ́wọ́. Lọ́yà mi dúró lórí ìyẹn bí ẹni dúró lórí òkú bàbá rẹ̀, oṣù márùn-ún ni báńkì sì fi fà á. Ilé tí ìwé báńkì mẹ́sàn-án jẹ́rìí sí di tèmi. Ti Lọ́ńdọ̀nù, a fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ Ìkòròdú pẹ̀lú. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi wọ́n kún un, kì í ṣe nítorí pé mo jẹ́ ènìyàn rere. Mo ti rí ohun tí ìfipamọ́ ń ṣe, n kò fẹ́ kí ogún bàbá wọn tún di ẹjọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ìwé tí a gbé lọ sí kóòtù, kò sí iye owó kankan, kò sí àdírẹ́ẹ̀sì. "Dúkìá kìíní, dúkìá kejì" ni wọ́n kọ, ìwé tó ṣàlàyé wọn sì wà lọ́wọ́ lọ́yà méjèèjì. Adájọ́ pa àṣẹ àkọ́kọ́, a ka oṣù mẹ́ta, ó parí.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà Káyòkáyò, ọdún tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe, Àlàájì fi ẹran ránṣẹ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo dáná fún àlejò rẹ̀ méjì tí ilé rẹ̀ kò gbà. Àwọn ará àdúgbò rí wa, wọn kò mọ èyí tí wọn ó sọ.

Lẹ́yìn Káyòkáyò náà ni akódà yẹn wá ra ẹja. Òun gan-an. Ó dúró ti òṣùwọ̀n, ó ní kí n wọn títù kílò méjì fún òun. Bí mo ṣe ń wọn ọ́n, ó fara mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Àlàájà, ẹjọ́ yẹn dà? N kò tún rí fáìlì yẹn mọ́."

Mo ní, "Ẹjọ́ wo?"

Mo fi ẹja kan lé e lórí, mo dì í fún un.